Ta ni Balógun? Òfin tí ó tún àkóso ológun Amẹ́ríkà tò ní 1986

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn ológun Amẹ́ríkà, iye ọkọ̀ ojú omi wọn, iye bàlúù wọn, àti owó gọbọi tí wọ́n ń ná lórí ohun ìjà, kò ní ṣàì rò pé kò sí ohun tí ó lè dà wọ́n láàmú lójú ogun bí kò ṣe ọ̀tá tí ó bá lágbára jù wọ́n lọ. Ìtàn kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìbéèrè kan wà tí ó rọrùn láti bi, tí ó sì ṣòro fún wọn láti dáhùn: bí ẹ̀ka ológun mẹ́rin bá jọ lọ sí ojú ogun kan náà, àṣẹ ta ni wọn yóò tẹ̀ lé? Òfin tí wọ́n fi dáhùn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Òfin Goldwater-Nichols, tí Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lù ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1986. Àwọn aṣòfin ni wọ́n ṣe òfin náà, kì í ṣe àwọn ológun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ológun ni kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ yẹ ní yíyẹ̀wò.

Ẹ̀ka mẹ́rin tí à ń sọ yìí ni ọmọ ogun orí ilẹ̀, ọmọ ogun ojú omi, ọmọ ogun òfurufú, àti àwọn Marine, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ti orí omi gun èbúté ọ̀tá. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó ní aṣọ tirẹ̀, orin tirẹ̀, àṣà tirẹ̀, àti ìtàn àwọn akọni tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun búburú rárá. Ìfẹ́ tí ọmọ ogun ní sí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ń mú un dúró nígbà tí ọta ìbọn bá ń fò. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kan náà lè di ògiri láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ja ogun kan ṣoṣo.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1941, nígbà tí àwọn ará Jàpáànù fi bàlúù kọ lu Pearl Harbor ní erékùṣù Hawaii, ọ̀gágun méjì ni ó wà níbẹ̀. Admiral Kimmel ni ó ni àkóso àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gágun Short ni ó ni àkóso àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Èkínní kò lè pàṣẹ fún èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì kò fi ìmọ̀ ṣọ̀kan tó bí ó ti yẹ. Ènìyàn a máa rò pé irú àjálù bẹ́ẹ̀ yóò ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbẹ̀san lára Jàpáànù, wọ́n pín Òkun Pàsífíìkì sí ọ̀nà méjì: wọ́n fi apá kan fún Ọ̀gágun MacArthur ti orí ilẹ̀, wọ́n sì fi apá kejì fún Admiral Nimitz ti ojú omi. Ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ yọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1944, ní Leyte ní ilẹ̀ Philippines, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun méjì ni ó ń jà ní ojú omi kan náà. Kinkaid, tí ó ń darí ọ̀kan, ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ MacArthur. Halsey, tí ó ń darí èkejì, ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ Nimitz. Halsey lé àwọn ọkọ̀ agbébàlúù Jàpáànù kan lọ sí ìhà àríwá, láìmọ̀ pé ìjẹ ni wọ́n fi wọ́n ṣe fún òun. Kinkaid rò pé Halsey ti fi ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà omi tí à ń pè ní San Bernardino. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá Jàpáànù gba ibẹ̀ wọlé ní òru, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n bọ́ sí àárín àwọn ọkọ̀ kéékèèké Amẹ́ríkà. Àwọn atukọ̀ kéékèèké náà jà bí ẹkùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Kò sì sí ọ̀gá kan ṣoṣo tí ó lè pàṣẹ fún Halsey àti Kinkaid pa pọ̀ níbikíbi tí ó sún mọ́ ojú ogun náà ju Washington lọ.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n mọ ìtàn Kírìjì yóò mọ ohun tí ó sọnù níbẹ̀. Ọmọ ogun oríṣiríṣi ìlú ni ó parapọ̀ di Èkìtì Parapọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní olórí ogun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ le, Ògèdèǹgbé ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo wọn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1947, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó kó gbogbo ẹ̀ka náà jọ sábẹ́ Akọ̀wé Ètò Ààbò kan, ẹni tí Nàìjíríà ń pe irú rẹ̀ ní mínísítà. Òfin kan náà ni ó fi ẹsẹ̀ Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọ̀gá Ológun múlẹ̀. Ní 1949, wọ́n fi Alága kan jẹ lórí ìgbìmọ̀ náà. Ní 1958, lábẹ́ Ààrẹ Eisenhower tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gágun, wọ́n yọ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kúrò nínú ọ̀nà tí àṣẹ ogun ń gbà. Wọ́n ní kí ọ̀gágun tí a bá yàn fún àgbègbè kan nínú ayé máa darí gbogbo ẹ̀ka tí ó bá wà níbẹ̀. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú iṣẹ́, kò parí rárá.

Inú ìgbìmọ̀ yẹn ni àìsàn náà fara pa mọ́ sí. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ipò méjì ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn sì dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìgbìmọ̀, ó yẹ kí ó gba Ààrẹ nímọ̀ràn fún ire gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ó bá padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, òun ni baba fún ẹ̀ka tirẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ jà fún owó rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ àti iyì rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ta ni yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ kí ó sọ pé kí a gba owó lọ́wọ́ ilé òun fún ilé kejì, kí ó sì tún ní ojú láti wo àwọn ọmọ ilé rẹ̀? Nítorí náà ni wọ́n fi ń yẹra fún ọ̀rọ̀ tí ó bá lè dá ìjà sílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni Alága ń gbé tọ Ààrẹ lọ. Kí ìwé kan tó lè jáde, yóò ti kọjá lọ́wọ́ ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí èyí ti ń yọ ọ̀rọ̀ kan ni tọ̀hún ń ṣàfikún òmíràn, títí ìwé náà yóò fi dà bí ọbẹ̀ tí a bu omi sí títí tí kò fi ní adùn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́. Láti inú ẹ̀ka ni wọ́n ti ń yá wọn wá, ọwọ́ ẹ̀ka wọn ni ìgbéga wọn sì wà. Ọ̀dọ́ ọ̀gá tí ó bá fi òótọ́ inú sọ ohun tí kò dùn mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ nínú mọ̀ pé òun yóò padà sílé lọ bá wọn. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà fi di ibi tí àwọn ọ̀gá tí ó ní ìrètí ń sá fún.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jáde kúrò nínú ọ́fíìsì. Ti Ìráàn ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ya wọ ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, wọ́n sì mú àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ìgbèkùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ìjọba Ààrẹ Carter rán ọmọ ogun lọ láti gba àwọn 53 tí ó ṣẹ́kù ní òru. Ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kó pọ̀: àwọn tí yóò wọ ilé náà wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ ogun orí ilẹ̀, àwọn bàlúù ńlá tí ó gbé epo àti ènìyàn jẹ́ ti òfurufú, àwọn hẹlikọ́pítà jẹ́ ti ojú omi, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà á jẹ́ Marine. Hẹlikọ́pítà 8 ni ó gbéra láti orí ọkọ̀ agbébàlúù Nimitz. Eruku aṣálẹ̀ bò wọ́n. 6 péré ni ó dé ibi ìpàdé, ọ̀kan nínú wọn sì bàjẹ́ níbẹ̀. Iye tí ó kéré jù tí wọ́n ti ní àwọn nílò jẹ́ 6. Wọ́n pinnu láti padà. Bí wọ́n ti fẹ́ gbéra ni hẹlikọ́pítà kan kọ lu bàlúù tí ó gbé epo, iná sì sọ. Ènìyàn 8 kú síbẹ̀: 5 láti ọ̀dọ̀ ọmọ ogun òfurufú, 3 láti ọ̀dọ̀ Marine. Àwọn tí wọ́n lọ gbà kò rí òmìnira títí di ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 1981, lẹ́yìn ọjọ́ 444.

Àwọn tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ Admiral Holloway rí ohun kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti dán apá tirẹ̀ wò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò tíì jọ dán gbogbo ètò náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú òkùnkùn àti eruku ní aṣálẹ̀ náà, àwọn kan nínú àwọn tí ń wa hẹlikọ́pítà kò dá ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn mọ̀, wọn kò sì mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ. Akọni ni gbogbo wọn. Akọni kan kò mọ ọ̀gá tirẹ̀.

Ní 1982, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀. Ọ̀gágun David Jones, Alága ìgbìmọ̀ náà gan-an, tí ó ṣì wà lórí àga, lọ síwájú àwọn aṣòfin ó sì sọ fún wọn pé ètò tí òun ń darí kò dára. Kò pẹ́ tí Ọ̀gágun Meyer, ọ̀gá ọmọ ogun orí ilẹ̀, fi sọ tirẹ̀ lé e. Ó yẹ kí á yin àwọn méjèèjì, nítorí pé kò wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó jókòó lórí àga sọ pé ẹsẹ̀ àga náà ti ra. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láti inú ìgbìmọ̀ kọ́ ni àtúnṣe ti lè wá, nítorí pé bí wọ́n bá ní kí gbogbo ọ̀gá ẹ̀ka fohùn ṣọ̀kan láti dín agbára ara wọn kù, wọn ì bá ṣì jókòó síbẹ̀ dòní.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì yòókù dé nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1983, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kún fún bọ́ǹbù wọ ibùdó àwọn Marine ní Beirut, ó sì pa ọmọ ogun Amẹ́ríkà 241. Àṣẹ tí ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn níbẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní Yúróòpù àti lórí omi kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Amẹ́ríkà kọ lu erékùṣù kékeré Grenada. Wọ́n borí, bí ó ti yẹ kí wọ́n borí. Síbẹ̀ rédíò àwọn kan nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀ kò lè bá ti ọkọ̀ ojú omi tí ó wà nítòsí wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó ra rédíò tirẹ̀.

Bill Nichols láti Alabama ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dání ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Kì í ṣe ẹni tí ó kọ́ ogun nínú ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bá Ogun Àgbáyé Kejì lọ. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Marine ní Beirut kí bọ́ǹbù náà tó dún. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, Barry Goldwater láti Arizona àti Sam Nunn láti Georgia ni wọ́n jọ ṣe é. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kò pa pọ̀: Republican ni Goldwater, Democrat ni Nunn. Goldwater ti di àgbàlagbà, sáà ìkẹyìn rẹ̀ nílé aṣòfin ni ó ń lò. Ó ti wa bàlúù fún ológun rí, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé ó kórìíra wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ wọn gbé ìwádìí kan jáde tí ó jẹ́ ojú ìwé 645.

Àtakò náà le. Akọ̀wé Ètò Ààbò, Caspar Weinberger, kò fẹ́ ẹ. Akọ̀wé fún Ọmọ Ogun Ojú Omi, John Lehman, tako o kíkankíkan. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà kọ lẹ́tà. Kò yẹ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àtakò wọn, nítorí pé kì í ṣe ìmọ-tara-ẹni nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí ìmọ̀ràn bá ti ẹnu ẹnìkan ṣoṣo jáde, èrò tí ó yàtọ̀ kò ní dé etí Ààrẹ mọ́. Wọ́n tún ní bí a bá gbé ológun kan ga ju gbogbo ológun yòókù lọ, a ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí yóò fẹ́ ga ju ìjọba lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ nípa bí àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Jámánì ti rí nígbà kan.

Lójú ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ tí ológun ti gba ìjọba, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Nàìjíríà ti ní ipò tí ó fara jọ ti Alága náà láti 1980, nígbà tí Ọ̀gágun Alàní Akínrìnádé di ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ Ọ̀gá Àgbà fún gbogbo ológun lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari. Kí ọdún 1983 tó parí, àwọn ológun ti lé ìjọba Shagari kúrò. Kì í ṣe ipò náà ni ó fa ìyẹn, Akínrìnádé tilẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé orúkọ oyè nìkan kò tó láti so ológun mọ́ òfin.

Báwo ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe dáhùn? Wọ́n ya ìmọ̀ràn sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ. Òfin 1986 sọ Alága di olùdámọ̀ràn ológun àgbà fún Ààrẹ. Kò nílò kí àwọn tókù fohùn ṣọ̀kan kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú wọn bá ní èrò mìíràn, Alága gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó dé iwájú Ààrẹ. Wọ́n fún un ní igbákejì. Wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ sábẹ́ òun nìkan. Wọn kò sì fún un ní ọmọ ogun kan ṣoṣo láti pàṣẹ fún. Àṣẹ ogun ń ti ọ̀dọ̀ Ààrẹ lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé Ètò Ààbò, láti ibẹ̀ ó kan balógun àgbègbè. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ológun. Ààrẹ lè gba ẹnu Alága rán àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni.

Balógun àgbègbè náà di balógun tòótọ́. Gbogbo ẹ̀ka tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni yóò tò wọ́n, òun ni yóò sọ bí wọn yóò ti ṣe ìdánrawò àti bí wọn yóò ti máa rí oúnjẹ, epo àti ọta gbà. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka padà sí iṣẹ́ tí ó tọ́ sí wọn: kí wọ́n gba ènìyàn síṣẹ́, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n ra ohun ìjà, kí wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́.

Apá tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni ó jọ pé ó gbọ́n jù. Àwọn aṣòfin mọ̀ pé kò sí òfin tí ó lè pàṣẹ fún ènìyàn pé kí ó fẹ́ràn ọmọ ilé kejì. Nítorí náà, ìgbéga ni wọ́n mú. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀ka púpọ̀ ti pàdé kò ní di ọ̀gágun, àyàfi bí Akọ̀wé Ètò Ààbò bá fojú fò ó fún ìdí pàtàkì. Wọ́n tún ní àwọn tí ó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Alága kò gbọdọ̀ máa gba ìgbéga lọ́nà tí ó kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó wà ní olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ka wọn. Láàárín ọdún díẹ̀, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ń sá fún di ibi tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti dé.

Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 1986, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Reagan fi David Packard ṣe alága fún ti sọ irú ohun kan náà, àtakò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, ènìyàn 95 dìbò fún àbá náà ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ẹnikẹ́ni kò tako o. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 406 fọwọ́ sí tiwọn, 4 péré ni ó kọ̀.

Ìdánwò kìíní dé ní Panamá ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ti kejì ní Kuwait ní 1991. Ní Kuwait, Ọ̀gágun Norman Schwarzkopf ti orí ilẹ̀ ni ó darí gbogbo ẹ̀ka, títí kan àwọn Marine, ọ̀gágun òfurufú kan ṣoṣo sì ni ó ń ṣètò ibi tí bàlúù gbogbo ẹ̀ka yóò lọ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, wọ́n ní láti máa fi bàlúù gbé ètò náà lọ fún àwọn ọkọ̀ agbébàlúù ní ìwé, nítorí pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò lè gbà á láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àwọn ọmọ ogun òfurufú. Òfin ti yí ènìyàn padà kí ó tó yí ẹ̀rọ padà.

Ohun tí òfin náà kò lè ṣe pọ̀. Kò lè sọ fún Ààrẹ pé kí ó má lọ jà níbi tí kò yẹ, bí ogun Iraq tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 ti fi hàn. Nígbà tí Ọ̀gágun Colin Powell jẹ́ Alága láti 1989 dé 1993, àwọn kan kùn pé ohùn rẹ̀ ti wúwo jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tí kì í ṣe ológun. Ní ìparí 2016, àwọn aṣòfin tún òfin náà wò, wọ́n fa sáà Alága gùn láti ọdún méjì sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní àṣẹ ogun. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019 wọ́n dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ fún iṣẹ́ òkè òfurufú níbi tí bàlúù kò lè dé, ọ̀gá rẹ̀ sì wọ inú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tí ó jókòó yí tábìlì náà ká di mẹ́jọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè rán ọmọ ogun kan ṣoṣo lọ sójú ìjà.